Ìwọ-Náà-Ńkọ́

Ìwọ-Náà-Ńkọ́ lorúkọ ajá mi.
Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn
nítorí Ìyá Akíntádé tó múlé tì mí ní Òkèlisà,
tó ń bi mí lórí ògiri láràárọ̀,
"Ṣé o ò tún ní gbéyàwó mìíràn ni?"
Mo bá ń pe ajá kí ohùn mi lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá:
Ìwọ-Náà-Ńkọ́! Ìwọ-Náà-Ńkọ́, wá jẹun!
Obìnrin náà gbọ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di Kérésì.

Ní báyìí, kíndìnrín ajá ti kọṣẹ́ sílẹ̀
bí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n jẹ lówó oṣù.
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé e lọ sí Àkúrẹ́.
Dẹ́rẹ́bà ní kí n san owó èèyàn méjì, mo san án.
Ní Owénà, wọ́n ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ ojú fèrèsé ọkọ̀;
ajá tó máa ń gbó gbogbo ẹni tó bá nawọ́
gbé àgbọ̀n lé orúnkún mi, ó dákẹ́.
Dókítà Ẹ̀bùnlọmọ, ọmọdébìnrin tí ojú rẹ̀ tutù,
fi bí wọ́n ṣe ń gún omi sábẹ́ awọ hàn mí.
"Aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjìlá òru. Ẹ má gbàgbé, Bàbá."

Mi ò gbàgbé.
Tèmi ni mo gbàgbé.
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà lórí tẹlifíṣọ̀n,
ó ń wò mí láti inú páálí rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan láti Sábó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó wo ajá, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín:
"Bàbá, ẹ jẹ́ n rà á kó tó rù tán. Lókìlí gidi nìyí.
Àbí ẹ kì í ṣe ará Òde Oǹdó ni?"
Mi ò bá a jà. Èmi náà ti jẹ ẹ́ rí nígbà èwe.
Mo ní kó máa lọ, ó sì lọ.
Mo wá jókòó sórí pèpéle, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ebi.

Ajá rù, èmi ni mo rù ú:
mo rù ú jáde lọ tọ̀, mo rù ú wọlé wá sùn.
Èmi náà rù. Ta ni yóò rù mí?
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe ọdẹ nílé ìfìwéránṣẹ́.
Mo mọ ìṣọ́ òru, mo mọ̀ ọ́n dunjú.
Ìṣọ́ra ni ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi.

Lóru ijẹta, mo ń gbé abẹ́rẹ́ kiri àgbàlá, mo ń pè é:
"Ìwọ-Náà-Ńkọ́? Níbo lo wà?"
Ẹsẹ̀ mi gan-an ló wà. Èmi ni mi ò rí i.
Bàtà tí mo wọ̀, ọ̀kan tèmi,
ọ̀kan ti ìyàwó mi tó ti sùn láti ọdún kẹrìnlá.

Ògiri bá fọhùn.
Iná tọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà Ìyá Akíntádé;
ohùn rẹ̀ ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ.
"Ìwọ náà ńkọ́?"
Mo ní, ajá ni mò ń pè.
Ó ní, "Mo gbọ́. Èmi ò pe ajá."

Ó gba géètì wọlé, ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi.
"Ọdún méje ni mo fi gún ọkọ mi nítorí ìtọ̀ ṣúgà.
Awọ ni awọ ń jẹ́."
Ó gbé iyán tó ti tutù kalẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìsápá,
ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ajá títí màá fi jẹ ẹ́ tán.
Mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀.
Mo lo oògùn mi. Mo bọ́ bàtà méjèèjì.
"Lọ sùn," ó ní. "Bí ajá yóò bá kú,
kì í ṣe oorun rẹ ni yóò pa á."
Ọ̀rọ̀ yẹn le. Orí rẹ̀ ni mo sì sùn lé.

Láti ìgbà náà, òun ló ni òru Ọjọ́rú àti ti Sátidé.
Mo máa ń rìn dé Yaba lọ ra ìwé ìròyìn,
mi ò sì ń sáré bọ̀.

Ajá ò tíì san. Kò jọ pé yóò san.
Láàárọ̀ yìí, ó lá omi lẹ́ẹ̀mẹta, mo kà á;
mo bu tèmi, mo mu ún tán.
Mo wá pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wẹ́rẹ́.
Àwa mẹ́ta la dáhùn.