Kí O Tó Gòkè, Àwẹ̀ró

Kọ́kọ́ rìn yí i ká. Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Fọwọ́ ra apá, ra ìrù, ra etí abẹ̀bẹ̀ iwájú,
bí ìyá ṣe ń fọwọ́ ra ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná mọ́jú.
Nọ́ọ̀tì kan tó dẹ̀, ojú lè fò ó. Ìka kì í fò ó.

Já epo díẹ̀ sínú ife, gbé e kọjú sí oòrùn.
Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò jókòó sísàlẹ̀ bí ẹyin ojú.
Dà á nù. Tún un já. Tún un wò.
Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kpayó fún ọ,
epo inú ìgò tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà Kútọnù.
Alùpùpù lè mu ún kó máa wúkọ́,
ó ṣáà wà nílẹ̀, ó lè dúró wúkọ́.
Ìwọ, níbo lo máa dúró sí?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.
Wọn ò tíì rí bàálù méjì tó ń du pápá kan ní Sábẹ̀ẹ́.
Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ ló lọ̀nà. Fún un.
Sọ orúkọ rẹ nínú rédíò, sọ ibi tí o wà, sọ ibi tí ò ń lọ,
kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá dá ọ lóhùn.
Lọ́pọ̀ ìgbà, èmi nìkan ni n óò máa gbọ́ ọ,
èmi àti ọdẹ pápá, òun náà á sì ti sùn.

Òkè Sábẹ̀ẹ́ ga ju bí o ṣe ń rò ó láti ilẹ̀ lọ.
Atẹ́gùn tó bá forí gba àpáta yẹn
á máa pòòyì lẹ́yìn rẹ̀ bí omi lẹ́yìn òpó afárá.
Má sún mọ́ ọn nítorí fótò. Fótò kò ní ìyẹ́.
Tẹ̀lé ojú irin: apá kan Pàrákú, apá kejì òkun.
Ṣùgbọ́n odò Òpàrá, bí o bá ti rí i tó ń dán, yí padà.
Mo mọ̀ pé ìbátan wa wà lódìkejì.
Ṣakí ni wọ́n sin ìyá bàbá mi sí.
Ẹsẹ̀ lè kọjá lọ kí wọn.
Apá kò gbọdọ̀ kọjá láìsí ìwé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Wòrú, tí o máa ń bi mí.
Ìgbà ọyẹ́ ni, àárọ̀ tí a kò rí òkè láti ẹnu ọ̀nà àgọ́ yìí.
Wọ́n ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Pàrákú.
Ó ní òun á fò nísàlẹ̀, òun á rí ojú irin.
Mo ní, “Máa lọ, kò jìnnà.”
Ìwé wà lórí tábìlì: ta ló wo epo?
Èmi ni mo fọwọ́ sí i.
N kò wò ó. Tíì mi ló ń tutù.

Inú oko òwú ló já sí. Ó yè.
Ó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ báyìí, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀.
Bí bàálù bá ń kọjá, ojú òṣùwọ̀n rẹ̀ ló ń wò.
Kò tíì bi mí léèrè rí.

Nítorí náà má gbà mí gbọ́ pé epo kún.
Ṣí i. Ki igi bọ̀ ọ́. Fi ojú ara rẹ wò ó.
Bí ọ̀nà bá ṣú níwájú, ẹ̀yìn ṣì wà láyé.
Ìtìjú ẹni tó yí padà kì í pẹ́,
oúnjẹ alẹ́ ló ń gbé e mì.

Wọ́n tún ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.
Èmi ti sọ.

Ó yá. Bẹ́líìtì. Ilẹ̀kùn.
Má wo ojú mi bí o bá ń sáré kọjá, wo mítà eré.
Dúró ná,
ewúrẹ́ ti tún wọ pápá. Jẹ́ kí n lé e.