Káàdì Igba Ó Lé Mẹ́rìnlá

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti jókòó sídìí kọ́bọ́ọ̀dù onírin
ní ilé-ìwòsàn Dókítà Ojẹ́níyì, ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.
Káàdì ni iṣẹ́ mi.
Bí o bá wọlé, n kò ní bi ọ́ lórúkọ;
bí o ṣe ń wúkọ́ nìkan ti tó,
ọwọ́ mi á ti wà lórí káàdì rẹ.

Ìdájí ni wọ́n máa ń dé.
Wọ́n á fi sálúbàtà to ìlà, wọ́n á fi kẹ́tùlù, wọ́n á fi òkúta.
Òkúta kan tilẹ̀ wà tí gbogbo wa mọ̀ pé Bàbá Látúndé ni,
ẹnikẹ́ni kì í gbé e kúrò,
kódà lọ́jọ́ tí ara Bàbá bá le.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì mi.
Ó ní, "Ìyá Káàdì, ìlà títò ti parí.
Láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọn yóò ti máa gba àyè,
orí fóònù ni èsì àyẹ̀wò yóò ti máa bá wọn,
bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá tán, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, a ti gbọ́."
Mo ní ó dára.
Ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Gbádébọ̀ tó wá fi í hàn wá kò ju ọmọ ogún ọdún lọ,
ó ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fẹ́ tán.
Ó ní èmi ni n ó máa kọ́ àwọn àgbà.
Èmi! Ẹni tí ọmọ-ọmọ ṣì ń bá ra dáta.

Bàbá Látúndé tẹ fóònù bí ẹni ń pa èèrà.
Ó gba àyè mẹ́fà fún ọjọ́ kan ṣoṣo,
síbẹ̀ ó dé ní aago márùn-ún, ó gbé òkúta rẹ̀ sípò,
ó ní òun kò lè fi gbogbo ara fẹ̀yìn ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Ta ni yóò bá a wí? Ọjọ́ náà gan-an ni iná lọ.

Ọjọ́rú, Ìyá Mojírọ́lá ti Òkè-Ẹlẹ́rìn wá,
ó di fóònù tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin
mọ́ etí ìborùn bí ẹni di ẹyin.
A kọ orúkọ. Ọjọ́ ìbí, a fojú dá a.
Ó ku ọ̀rọ̀ aṣínà.
Mo ní, "Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò lè gbàgbé láéláé,
tí ẹlòmíràn kò sì lè mọ̀."

Ó wo ilẹ̀. Ó pẹ́.
Àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn.
Ó wá gbé ẹnu sí mi létí,
ó pe orúkọ kan.

Mojírọ́lá la fi ń pè é, ṣùgbọ́n Mojírọ́lá kọ́ ni àkọ́bí.
Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ káàdì náà, ọdún kejì mi níbi iṣẹ́:
igba ó lé mẹ́rìnlá, aláwọ̀ ewé, ikán ti jẹ etí rẹ̀,
kìlógíráàmù mọ́kànlá, ibà, ibà, ibà,
lẹ́yìn náà ìlà pupa kan tí Dókítà fi rúlà fà.

N kò ní kọ orúkọ náà síbí.
Lẹ́tà méje ni. Ẹ̀rọ ní kò tó, ó ń bèèrè ìkẹjọ, kó jẹ́ nọ́ḿbà.
Ìyá Mojírọ́lá ní, "Fi eéjì sí i.
Kò dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àmì róbótó dúdú mẹ́jọ tò sójú fóònù.
Ilẹ̀kùn ṣí. "Ẹ káàbọ̀," ni ó kọ síbẹ̀.
Mo kà á fún un.
Ó tẹrí ba díẹ̀, ó dá fóònù lóhùn: "Ẹ ṣeun o."

Wọ́n ní kí n di gbogbo káàdì sínú àpò,
pé lọ́jọ́ Ẹtì a ó jó wọn lẹ́yìn odi.
Mo ti dì wọ́n. Gbádébọ̀ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ní ó dín kan.

Ẹ má bi mí.