Ìṣísẹ̀ Kan Péré

Èmi ni mo máa ń fa ilà pápá Adéta,
eérú pẹ̀lú ẹfun nínú agolo mílíìkì tí mo fi ìṣó dá ihò sí nídìí,
ní ìdájí, kí ewúrẹ́ ilé Mọ́gàjí tó jí.
Mo mọ ilà apá òsì ju àwọn yòókù lọ.
Ó wọ́ díẹ̀ níbi tí gbòǹgbò dóńgóyárò ti yọrí,
orí ilà yẹn ni Láwàní dàgbà sí.

Láwàní tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wé sórí,
ẹsẹ̀ ló ń bá rìn.
Ẹṣin leégún ìlú wa, gbogbo ayé ló mọ̀;
àmọ́ mo ti rí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó sáré létí ilà
tí eruku rẹ̀ ò wálẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì.
Bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀, ó ki òwú bọ iwájú rẹ̀.
Bó bá kò ọ́ ní wíńgì, tó ju èjìká sọ́tùn-ún,
ìwọ á tẹ̀lé èjìká, òun á tẹ̀lé bọ́ọ̀lù.
Ọmọ Òkè-Kúrá kan ṣì ń wá a dòní.

Wọ́n mú un lọ sí Faransé lọ́dún tí odò Àsà kún dé afárá.
Ọdún mẹ́fà. Ìlú kékeré kan tí òjò ibẹ̀ máa ń rọ̀ ní funfun.
Ó ní wọn ò jẹ́ kí òun wọ àárín.
"Létí ilà! Gbé e kọjá! Létí ilà!"
Ó gbọ́ràn. Ó gbé e kọjá, ẹlòmíì fi orí kàn án wọlé,
orúkọ ẹlòmíì jáde nínú ìwé ìròyìn.
Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó yà wọ àárín,
orúnkún ọ̀tún dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi.
Àpótí kan ló gbé bọ̀,
ẹ̀wù òtútù tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́ ní Ìlọrin,
àti fèrè.

Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá.
Àwọn èèyàn ní ó ti jìnnà sí pápá.
Èmi tí mo ń fa ilà, mo ti wọ̀n ọ́n:
ìṣísẹ̀ kan péré ni.
Nígbà kan, ilà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀,
nísinsin yìí ó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀,
ẹfun kan náà, gbòǹgbò kan náà.
Ó ń tiro lọ, ó ń tiro bọ̀,
ohun tí wọ́n ń pariwo mọ́ ọn lọ́hùn-ún
lòun náà ń pariwo mọ́ ọmọ wa:
"Fàsásì, létí ilà! Gbé e kọjá!"

Ọjọ́ Sátidé tí àwọn ará Ọ̀fà wá bá wa gbá a,
òdo sí òdo,
oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti pọ́n sára òkè Sóbí,
Fàsásì gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá gbòǹgbò.
Kóòṣì ti yanu. Ọmọ yẹn ju èjìká sọ́tùn-ún
(ta ló kọ́ ọ? N ò rí ẹni tó kọ́ ọ),
ó yà wọ àárín.
Igbe há sí Láwàní lọ́fun.
Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí orúnkún ara rẹ̀.
Fàsásì gbá a. Ó ga. Ó fò kọjá òpó,
ó lọ bọ́ sínú igbá wàrà obìnrin Fúlàní kan,
gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

Láwàní nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ó ti wà nínú pápá, ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin,
ó ń fi ẹsẹ̀ tí kì í sáré sáré.
Rẹfirí yọ káàdì sí i, kò rí i.

Nígbà tí a ń ká nẹ́ẹ̀tì, ó san owó wàrà.
Ó wo ẹfun tó lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀, kò gbọn ọ́n nù.
Ó ní, "Sàká, ilà rẹ ti bàjẹ́ níbí."
Mo ní mo rí i.
Mo ní n ò ní tún un fà títí di ọjọ́ Ajé.