Ewé Tíìkì

Òjò ti ń kó ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Láàárọ̀, ìkùukùu a jókòó sórí òkè Kàbà
bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí òun.
Kí oòrùn tó là, mo ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà,
ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta nínú àpò,
ìwé ètò-ẹ̀kọ́ nínú ọ̀rá, mo gbé e mọ́ àyà,
bàtà mi kan ṣoṣo tó dára lọ́wọ́,
sílípáàsì lẹ́sẹ̀.

Ibi tí wọ́n rán mi lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò
kò sí nínú máàpù ara ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì.
"Ilẹ̀ Bùnú" ni wọ́n kọ, wọ́n fa ìlà kan sí i.
Ọlọ́kadà mi ń bi ọlọ́kadà mìíràn léèrè ọ̀nà.
Nígbà tí a dé odò, a sọ̀ kalẹ̀:
ó ń ti ọ̀kadà, èmi ń ti òun.

Ọmọ Yàgbà ni mí. Mo rò pé mo gbọ́ èdè.
Kíláàsì kẹrin dìde, wọ́n ní, "Ọ̀kun o!"
Ìyẹn yé mi, ilé nìyẹn.
Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.
Ní ọjọ́ kẹta ni Àìná ṣàánú mi, ó túmọ̀ rẹ̀:
wọ́n ní irùngbọ̀n mi dà bí irun àgbàdo.

Lálẹ́ mo gun àpáta lọ wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.
Màmá mi gbọ́ pé mo ti jẹun,
kò gbọ́ ohun tí mo jẹ.
Mo ṣìnà nígbà tí mo ń bọ̀,
ajá kan tí n kò mọ olówó rẹ̀ ló sìn mí délé.
Ìyá Ọlọ́runlékè kò béèrè bóyá ebi ń pa mí.
Ó gbé iṣu sísun sẹ́nu ọ̀nà,
epo nínú ìdérí agolo,
ó kọjá lọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Ìwé kan wà tí ìjọ kan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun.
Ó ní ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún.
Mo ṣí i sí ẹ̀kẹta: ìgbà ìwọ́wé.
Igi pupa. Ọmọ òyìnbó kan tó wọ ìbọ̀wọ́.
Àìná nawọ́. "Tíṣà, ta ló kun ewé náà?"
Mo ní òtútù ni.
"Òtútù ń kun nǹkan?"
Mo wo ojú pátákó. Pátákó wo ojú mi.
Ìbítóyè, tí kì í sọ̀rọ̀,
dìde létí fèrèsé, ó jáde láìtọrọ àyè.
Ó mú ewé tíìkì tútù méjì bọ̀,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ rún wọn,
ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí osùn.
"Tiwa nìyí, Tíṣà. Inú ló fi í pamọ́ sí."

Ta ni yóò dá ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró?
Ọwọ́ pupa lára ògiri, lára bẹ́ǹṣì,
lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo yá lọ́wọ́ Mọrẹ́nikẹ́ ti àbúrò rẹ̀,
ìgbà náà gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Ọbajẹ́mu, alábòójútó wa,
ẹni tó ní Ọjọ́bọ̀ ni òun ń bọ̀,
sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó wo ògiri. Ó wò mí. Ó yọ bíírò pupa.
"Kí ni àkòrí ẹ̀kọ́ òní?"
Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti pariwo:
"Ìgbà ìwọ́wé, sà!"
Ó kọ nǹkan. Ó pa ìwé dé.
Ó rún ewé kan kí ó tó lọ. Mo rí i.

Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́.
Ọwọ́ kékeré kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò,
ìka mẹ́rin. N kò mọ ibi tí àtàǹpàkò wà.

Lánàá ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́.
Igi tíìkì ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ju ewé kan sílẹ̀, gbòò,
ó gbẹ, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀.
Àìná gbé e wá sórí tábìlì mi,
ó ní kí n kà á.