Akàn Lásán

Mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé
lẹ́yìn ahéré tí ìyá mi ti ń yan ẹja,
ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà,
níbi tí èéfín ti kọ́ wa ní ẹkún láìsí ọ̀fọ̀.
Bátìrì ku díẹ̀. Mò ń kánjú.
Lódìkejì omi, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn
ń kùn bí ẹni tí oorun ń gbé lọ.

Àmì mẹ́tàlélógójì ló wà lójú kọ̀ǹpútà,
àmì kan, ẹ̀dá kan:
èpìyà, ọ̀bọ̀kún, edé wẹ́wẹ́,
akàn tó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà,
lékeléke, ẹyẹ apẹja, àdán,
àti àwọn kéékèèké tí ojú lásán kò rí,
tí n kò mọ orúkọ tí àwọn baba wa ń pè wọ́n,
bí wọ́n bá tilẹ̀ pè wọ́n rí.
Ẹni tó bá ń jẹ ẹnìkan, mo fa ìlà sí i.
Ìlà pọ̀. Ó dà bí irun tí a kò tíì yà.

"Mùtáírù, kí lò ń ṣe níbẹ̀?"
"Mò ń pa ẹ̀dá, Ìyá. Lórí ìwé ni o.
Mo pa ọ̀kan, mo wá ń wo ẹni tí yóò bá a lọ."
Ó pòṣé. "Èwo lo pa lónìí?"
"Akàn."
"Akàn lásán?"

Mo tẹ bọ́tìnì.
Àmì akàn ṣẹ́jú, ó kú.
Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan.
Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ikán ti jẹ òpó rẹ̀ ṣe ń dúró,
tí ará ilé sì ń hanrun.
Lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ dì, kò sí ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ kí ó mí;
igi ẹ̀gbà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ;
edé tó ń tọ́mọ lábẹ́ rẹ̀ wá ibùgbé tì;
ọ̀bọ̀kún rù;
ẹyẹ apẹja lọ, kò dágbére.
Àmì mọ́kànlá ló kú. Ẹyọ kan ni mo pa.

Ìyá mi nu ọwọ́ nù, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó pẹ́.
"Níbo ni mo wà níbẹ̀?"
N kò dáhùn.
"Èmi tí mò ń jẹ ọ̀bọ̀kún, tí mò ń tà á,
tí mo fi owó rẹ̀ rán ọ níléèwé,
èmi tí mò ń fi igi ẹ̀gbà dáná,
ṣé atẹ́gùn ni mí ni?"

Mo fi í kún un. Àmì kan. Ìlà mẹ́fà.
Mo tún pa akàn.
Mo ti rò pé òun ni yóò kẹ́yìn,
ọmọ ènìyàn ṣáà lọ́gbọ́n, ó lè wá òwò mìíràn ṣe.
Ó kú ṣáájú ẹyẹ.

"Kí ló wí?"
Mo ní bátìrì ti tán.
Ó wò mí bó ṣe ń wo ojú ẹja
tí wọ́n ní òwúrọ̀ yìí ni wọ́n pa á.
Ó mú igi ẹ̀gbà kan, ó fẹ́ kì í bọ iná, ó gbé e sílẹ̀.
Ó tún gbé e.
Ẹja ò lè yan ara rẹ̀.