Ìbọ̀wọ́ Hiltrud

Hiltrud na agboòrùn pupa sókè bí àsíá,
àwa méje tẹ̀ lé e, òtútù ń gé wa létí.
"Ẹ má yó níbi àkọ́kọ́ o," ó ní,
"Dresden gùn, ikùn kúrú."

Ó bu búrẹ́dì Kérésì fún wa, ṣúgà bò ó
bí yìnyín ṣe bo òrùlé lókè wa;
àjàrà gbígbẹ sá pamọ́ sínú rẹ̀,
ahọ́n ń wá a kiri.
Sọ́séèjì dé, ó gùn ju búrẹ́dì rẹ̀ lọ,
ọ̀rá ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi,
mo lá a. Ta ló ń wò mí?
Ará Lisbon àárín wa mu wáìnì gbígbóná, ife mẹ́ta,
ló bá ń pe gbogbo wa ní ẹ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n Hiltrud ò fẹnu kan nǹkan kan.
Ọdún mọ́kàndínlógún,
ó ń ka adùn bí ẹni ń ka owó olówó.

Níbi àtíbàbà tó gbẹ̀yìn, ilẹ̀ ti ṣú,
bàbá kan ń yan màróònì nínú agbada irin,
èso tó jọ àsálà, tó dùn bí ọ̀dùnkún.
Kò kí i. Kò béèrè owó.
Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sápò kóòtù rẹ̀ lọ́tùn-ún,
ó bu òmíràn sí tòsì.

"Ìyá, ẹ ò ní jẹ ẹ́ ni?"
Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.
"Ìbọ̀wọ́ mi nìyẹn. Bó bá tutù, n óò jẹ ẹ́."

Agboòrùn ti wà lábíyá;
òórùn la tẹ̀ lé dé ibùdókọ̀.