Iyẹ̀pẹ̀ Abẹ́ Ibùsùn

Prokopi, mo ti fa àpò náà jáde lábẹ́ ibùsùn.
Ó wúwo bíi màlúù tó kọ̀ tí kò dìde.
Mo tì í, mo fà á, mo jókòó lé e, mo mí.
Òtútù òde ti fi ìwọ̀n méjìléláàádọ́ta wọ ìsàlẹ̀ òdo,
kùrukùru ti gbé ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì mì,
itọ́ téèyàn bá tu, kó tó kanlẹ̀ ó ti di òkúta.
Síbẹ̀ oṣù kejì ti wọlé,
ìwọ lo sì máa ń sọ ọ́:
ẹni tó bá ń dúró de ilẹ̀ Yakutsk kó tó gbin tòmátì,
àlá ni yóò lá, kò ní lá ọbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án lo wa iyẹ̀pẹ̀ yìí létí odò Lena
kí ilẹ̀ tó di irin.
O ṣa òkúta kúrò, o fa gbòǹgbò tu,
o bu ìgbẹ́ ẹṣin sí i,
o fọwọ́ pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun.
Mo bá ọ jà nítorí òórùn rẹ̀.
Mo ní, "Ta ló ń sùn lórí oko?"
O ní, "Ẹni tí kò tíì sùn lábẹ́ rẹ̀."

Oṣù kọkànlá, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dáná lé ilẹ̀
kí wọ́n tó rí ibi tẹ́ ọ sí.
Igi, èédú, táyà ọkọ̀. Èéfín dúdú.
Wọ́n ń gbàdúrà, èmi ò gbọ́.
Ohun tí mò ń rò, má bínú,
ni pé àpò iyẹ̀pẹ̀ kan wà nílé
tí kò dì, tó rọ̀ bí àkàrà,
ó sì wù mí kí n gbé e wá bò ọ́.

N kò gbé e wá.

Àwọn páálí mílíìkì tí o gé sí méjì ṣì wà.
Mo tò wọ́n sójú fèrèsé, lókè páìpù gbígbóná; ọ̀kan ń jò.
Hóró tí o sá sórí ìwé ìròyìn ti lẹ̀ mọ́ ọn,
mo fi èékánná bó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Hóró kan kọ̀, ó gbé lẹ́tà méjì dání.
Mo gbìn ín tòun ti lẹ́tà rẹ̀.
Tuyaara wá so iná elésè-àlùkò kan kọ́ sókè wọn,
iná náà pọ́n títí dé ojú títì,
Gavril ìsàlẹ̀ sì ń béèrè bóyá a ti ṣí ilé ọtí.

Ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan.
Ọjọ́ karùn-ún, ológbò sùn sórí páálí kan, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.
Mo bú u. Mo tún bú ìwọ náà, torí pé ìwọ lo gbé e wálé.
Ọjọ́ kẹjọ, láàárọ̀, kí n tó po tíì,
ọ̀kan yọ.
Ó tẹ ọrùn bí ìwọ̀ ẹja,
ó ṣì dé èèpo hóró lórí,
gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa ń dé fìlà onírun wọ yàrá
títí n ó fi ní, "Ṣí i, a ti délé."
Mo fi itọ́ díẹ̀ rẹ èèpo náà.
Mo ṣí i fún un.

Ọgbà méjì ló wà lára fèrèsé wa báyìí.
Òtútù gbin tiẹ̀ sára gíláàsì:
òdòdó funfun, ewé funfun, kò sí gbòǹgbò.
Tèmi kò tíì ju ìka kan lọ.

Ife iyẹ̀pẹ̀ kan ló kù. Mo dé e.
Bí ilẹ̀ bá rọ̀ ní oṣù karùn-ún,
mo mọ ibi tí mò ń gbé e lọ.
Ó yá, jẹ́ n lọ gé ewé àlùbọ́sà inú ìgò sí ọbẹ̀ ẹja.
Tuyaara ti dé.
Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn yìnyín lára bàtà.